Profile Wo Ni Wọ́n Ní Kí Ẹ Lọ Ṣe?

Nínú ilé kan ṣoṣo, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yìí lè wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n ní kí ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB lọ gba profile code. Dókítà ní kí bàbá lọ ṣe lipid profile. Bíríkìlà tó ń bá wọn kọ́lé ní àwọn ò lè gbẹ́ ìpìlẹ̀ àfi táwọn bá kan profile. Ẹni tó ń ta táyà ń bi ìyá bóyá low profile ni ọkọ̀ wọn ń lò. Létí ẹni tó ń gbọ́ ọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò bára tan rárá. Ìwé atúmọ̀ èdè tó sọ pé "àwòrán ojú láti ẹ̀gbẹ́" ò sì ní ran bàbá lọ́wọ́ níwájú ẹni tó fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀.

Wọ́n bára tan o, òwú ló so wọ́n pọ̀. Filo ni àwọn ará Ìtàlì ń pe òwú. Látinú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀dá profilare, ìyẹn kí èèyàn fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí nǹkan ká. Ọ̀rọ̀ náà wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ó sì yà sọ́nà méjì. Ọ̀nà kan ni ti nǹkan tó ṣeé fojú rí: bí etí rẹ̀ ṣe rí téèyàn bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, tàbí tó bá gé e sí méjì tó wo ojú ibi tó gé. Ọ̀nà kejì ni ti ènìyàn: ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tàbí nọ́ńbà díẹ̀ tí a tò pọ̀ kí ẹlòmíì lè fi mọ irú ẹni tó jẹ́ tàbí bí ara rẹ̀ ṣe wà. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ wà, ohun tó ń wí á yé yín.

Ti ojú ló rọrùn jù. Ẹni tó yí ẹ̀gbẹ́ sí yín, tí ẹ ń rí imú rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ àti etí kan, profile rẹ̀ lẹ ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ya ọba Gẹ̀ẹ́sì sórí owó kọ́ìnì: Elizabeth Kejì kọjú sí ọ̀tún, Charles Kẹta kọjú sí òsì, nítorí àṣà wọn ni pé ibi tí ọba àná bá kẹ̀yìn sí ni ọba tuntun ń kọjú sí. Ní Paris, ní àwọn ọdún 1880, Alphonse Bertillon tó ń bá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ sọ ọ́ di ìlànà pé kí wọ́n máa ya afurasí lẹ́ẹ̀mejì, níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èèyàn lè fajú ro, ó lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe máa yí bí imú àti etí rẹ̀ ṣe rí padà. Ní ti Federico da Montefeltro, tó ṣèjọba Urbino ní Ìtàlì ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́ níbi ìdíje orí ẹṣin. Apá òsì ni wọ́n yà nínú àwòrán rẹ̀ tó lókìkí jù, èyí tó wà ní Uffizi ní Florence títí dòní. Ojú tó fọ́ wà lápá kejì, ẹni tó ń wo àwòrán ni kò rí i.

Ẹ má fi èyí wé profile picture orí fóònù. Ojú tó kọjú síni ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò níbẹ̀. Àwòrán tó jẹ́ ti profile ni gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí.

Ibi tí òwú ṣì ti ń jẹ́ òwú gan-an ni ibi ìkọ́lé. Profile bíríkìlà ni èèkàn méjì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n kan pákó kan dábùú orí wọn. Wọ́n ń tò ó yí ilẹ̀ tí ilé máa dúró sí ká, ní gbogbo igun àti níbi tí ògiri inú ilé bá ti pàdé ògiri ìta. Ìṣó ni wọ́n ń kàn sórí pákó, òwú tí wọ́n bá sì fà láti ìṣó kan dé òmíràn ní òdìkejì ilẹ̀ ló ń sọ ibi tí ògiri máa gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé oníbúlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́sàn-án. Búlọ́ọ̀kù náà fẹ̀ tó mílímítà 225, kòtò ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ 675, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta. Ìṣó mẹ́rin ló máa wà lórí pákó kọ̀ọ̀kan: ní 0, 225, 450 àti 675. Òwú méjì ti ìpẹ̀kun ni àwọn agbẹ́lẹ̀ ń tẹ̀ lé. Òwú méjì ti àárín ni etí búlọ́ọ̀kù, lọ́tùn-ún àti lósì. Tí wọ́n bá gbẹ́ kòtò tán, tí wọ́n da kọnkéré sísàlẹ̀ rẹ̀ tó sì gan, wọ́n á tún ti àárín fà, wọ́n á so òjé mọ́ okùn kan kó rọ̀ tààrà láti ara òwú dé orí kọnkéré. Ibi tó bá kàn ni búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń bà á jẹ́ pọ̀. Pákó tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ sí kòtò á bá ilẹ̀ ya wọ inú kòtò; ó yẹ kó jìnnà tó mítà kan, kí àyè lè wà fún erùpẹ̀ tí wọ́n ń kó síta. Gbogbo pákó gbọ́dọ̀ ga dọ́gba. Rọ́bà tó mọ́ gaara tí wọ́n bu omi sí ni wọ́n fi ń wò ó, àmọ́ tí afẹ́fẹ́ bá há sáàárín omi, irọ́ ni rọ́bà náà máa pa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lé afẹ́fẹ́ yẹn jáde kí wọ́n tó sàmì. Ó wá ku igun. Wọ́n á wọn mítà 3 lápá kan, mítà 4 lápá kejì. Tí ibi tí méjèèjì parí sí bá jìnnà síra ní mítà 5 géérégé, igun náà gún. Kí wọ́n má fi mọ síbẹ̀ o. Ilé tó jẹ́ mítà 12 sí 9, láti igun kan dé igun tó kọjú sí i gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 15, lápá méjèèjì. Tí ọ̀kan bá jẹ́ 15, tí èkejì jẹ́ mítà 15 àti sẹ̀ǹtímítà 6, ilé náà ti wọ́. Ògiri lè má fi í hàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń lẹ táìlì lẹ máa rí i, nígbà tí táìlì etí ògiri bá ń tín-ín-rín lọ títí dé igun, ẹ̀pa ò sì ní bóró mọ́ lọ́jọ́ náà. Bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ tún máa ń fi ayùn la ojú pákó níbi ìṣó kọ̀ọ̀kan, torí tí ìṣó bá bọ́, wọ́n lè dá a padà sí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má jókòó sórí pákó profile, kí wọ́n má sì yọ ọ́ títí búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ á fi yọ lókè ilẹ̀.

Lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fèrèsé àti àwọn tó ń ta páànù, ojú ibi tí a gé ni profile. Ẹ gé ọ̀pá àlúmíníọ́ọ̀mù fèrèsé, kí ẹ wo ojú ibẹ̀: ihò inú rẹ̀ àti ojú ọ̀nà tí gíláàsì ń gbà, profile rẹ̀ nìyẹn. Ti páànù ni bí wọ́n ṣe ká a: long span, step tile àti àwọn yòókù. Ibí yìí ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ náà yan àwọn èèyàn jẹ, nítorí profile ò sọ nǹkan kan nípa bí páànù ṣe nípọn. Step tile 0.45 mílímítà àti step tile 0.55 jọra bí ìbejì lójú ẹni tó dúró nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ méjèèjì sórí ìwé owó yín, ìrísí rẹ̀ àti bó ṣe nípọn, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n níṣojú yín kí ọkọ̀ tó gbé e.

Ti táyà jẹ́ ìṣirò. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 195/65 R15. 195 ni bó ṣe fẹ̀ ní mílímítà, 15 ni rímù ní ínǹṣì. 65 àárín ni profile: gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ rẹ̀, ìyẹn bíi mílímítà 127. Táyà tí nọ́ńbà àárín yìí bá kéré, bíi 50, 45 tàbí 40, òun ni low profile. Ó máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ tètè gbọ́ ìdarí ní kọ̀rọ̀, ó sì lẹ́wà, àmọ́ rọ́bà tó ń gba rímù lọ́wọ́ kòtò ojú títì ti dín kù. Táyà á bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí rímù tẹ̀. Ẹni tó bá fi 195/50 R15 rọ́pò 195/65 R15 tún ti da ohun tó ń ka eré ọkọ̀ rú: táyà tuntun ò ga ju mílímítà 576 lọ, ti tẹ́lẹ̀ ga tó 634. Tó bá ka 100, bíi 91 ni ọkọ̀ ń sá.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń gbẹ́ kòtò tó jìn tó mítà kan àbọ̀ sí méjì, wọ́n á dúró sínú rẹ̀ wo ògiri rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: ilẹ̀dú, erùpẹ̀ tí amọ̀ ti rọ̀ sí, yangí tàbí òkúta wẹẹrẹ, títí kan àpáta tó ń jẹrà. Soil profile nìyẹn. Ó kan àgbẹ̀ kòkó gan-an o. Ibi tí yangí líle bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ péré, gbòǹgbò á kàn án, igi kòkó ò sì ní rọ́nà la ẹ̀ẹ̀rùn já, bó ti wù kí ilẹ̀dú òkè dára tó.

Wàyí o, ọ̀nà kejì. Mẹ́rin ni àyẹ̀wò tó wà nínú lipid profile, ìyẹn àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀: àpapọ̀ cholesterol, HDL tó ń kó ọ̀rá kúrò lára iṣan ẹ̀jẹ̀, LDL tó ń kó o lọ lẹ̀ mọ́ ọn, àti triglycerides, ọ̀rá tó máa ń gòkè lẹ́yìn oúnjẹ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni dókítà jọ ń kà. Ọ̀pọ̀ lábù kì í wọn LDL tààrà, ìṣirò ni wọ́n fi ń rí i. Wọ́n á mú àpapọ̀, wọ́n á yọ HDL kúrò, wọ́n á tún yọ ìdá kan nínú márùn-ún triglycerides. Ẹni tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 220, tí HDL rẹ̀ jẹ́ 45, tí triglycerides rẹ̀ jẹ́ 150, LDL rẹ̀ á jẹ́ 145. Ká ní onítọ̀hún ti jẹ̀bà kó tó lọ, tí triglycerides gòkè dé 250, LDL orí ìwé á di 125. Kò sí ohun tó dín kù lára rẹ̀. Oúnjẹ àárọ̀ ló bo ogún mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kéèyàn gbààwẹ̀ wákàtí 9 sí 12. Omi lásán kò burú. Ọtí ọjọ́ tó ṣáájú burú, nítorí òun náà ń gbé triglycerides sókè. Oògùn tí dókítà ti ní kí ẹ máa lò, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Tí triglycerides bá ju 400 lọ, ìṣirò yìí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, àfi kí wọ́n wọn LDL fúnra rẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń dẹ́rù bani láìnídìí ni òṣùwọ̀n. Lábù kan á kọ 220, òmíràn á kọ 5.7, ẹni tó bá gba 5.7 á rò pé ti òun dára ju ti aládùúgbò òun lọ. Ọ̀kan náà ni wọ́n. mg/dL ni ti àkọ́kọ́, mmol/L ni ti èkejì. Tí ẹ bá fi 38.67 pín cholesterol tó wà ní mg/dL, ẹ ó rí èkejì. 88.57 ni ti triglycerides. Ní mg/dL, àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀ 200 ni wọ́n ń fẹ́, triglycerides tí kò tó 150, àti HDL tó tó 40 ó kéré tán fún ọkùnrin, 50 fún obìnrin. Ibi tó yẹ kí LDL wà yàtọ̀ fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí tí ọkàn rẹ̀ ti ṣàìsàn rí, dókítà rẹ̀ ló máa sọ ọ́.

Lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, account àti profile ni wọ́n ń dà pọ̀ jù. Account ni kọ́kọ́rọ́, òun ni password wà fún, òun ni owó ń gbà jáde. Profile ni ojú tí ẹ gbé síta. Netflix fi í hàn kedere: account kan, owó kan, profile tó lè tó márùn-ún, ti bàbá, ti ìyá, ti àwọn ọmọ. Ẹni tó pa profile ọmọ rẹ̀ rẹ́ ṣì máa sanwó lóṣù tó ń bọ̀. Ní Chrome, inú profile ni password tí ẹ tọ́jú àti gbogbo ibi tí ẹ ti lọ ń wà. Tí ẹ bá yọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ kò sì tan sync tẹ́lẹ̀, èyí tó ń tọ́jú ẹ̀dà wọn sọ́dọ̀ Google, ó ti lọ nìyẹn. Ní káfẹ̀ tàbí lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, Guest ni kí ẹ yàn. Facebook ní tirẹ̀ ya profile sọ́tọ̀ fún ènìyàn, page fún òwò. Ẹni tó fi profile ṣe ṣọ́ọ̀bù, tó bá ti ní ọ̀rẹ́ 5,000, kò ní gba ẹyọ kan sí i.

Àwòrán WhatsApp yín, tí gbogbo wa ń pè ní DP, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ Privacy, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Profile photo tàbí Profile picture sí, kí ẹ yan My contacts. Ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín bá tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ló máa rí i. Oníjìbìtì kò nílò password yín kó tó lè fi orúkọ yín tọrọ owó, àwòrán àti orúkọ yín ti tó o. Á gbé e sórí nọ́ńbà míì, á kọ̀wé sí àbúrò yín pé, "Nọ́ńbà mi tuntun nìyí, tàtijọ́ ti bàjẹ́." Kí àbúrò pe tàtijọ́ yẹn kó tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

JAMB ti sọ profile di nọ́ńbà. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ NIN, á fi àyè kan sílẹ̀, á tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ tó jẹ́ 11, á fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Profile code tó jẹ́ nọ́ńbà 10 ló máa padà wá. Òun ló fi ń ra ePIN. ePIN ló fi ń forúkọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ ni registration number ń jáde. Mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àwọn ọmọ sì máa ń gbé ọ̀kan síbi tí wọ́n ti ń béèrè òmíràn. Kí ọmọ lo SIM tirẹ̀, torí nọ́ńbà tó bá fi gba code ni JAMB á máa mọ̀ mọ́ ọn. Ti onílé káfẹ̀ á di wàhálà lọ́jọ́ iwájú. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó máa jáde, ọ̀dọ̀ NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ló ti ń wá. Tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, NIMC ni kí ẹ ti tún un ṣe, kí ọmọ tó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn rárá.

Company profile ò le. Ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ń ṣàfihàn ara rẹ̀ ni: nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ní CAC, ohun tí wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe rí, ibi tí a ti lè rí wọn.

"Ẹ keep low profile" ti di ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣekárími ni òdìkejì rẹ̀. Olówó lè wà ní low profile, nítorí náà ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ẹni tí kò já mọ́ nǹkan" ti ṣì í. Lẹ́yìn ikú Murtala Muhammed ní 1976, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ sọ low profile di ìlànà fún àwọn aláṣẹ, Peugeot 504 sì rọ́pò ọkọ̀ ńláńlá. High profile náà kì í ṣe ìyìn, kì í sì í ṣe èébú. Afurasí high profile ni ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀. Kò túmọ̀ sí pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Profiling ló yẹ ká fara balẹ̀ fún jù. Nínú ìwé ìròyìn Nàìjíríà, tí wọ́n bá ní ọlọ́pàá ń ṣe profiling afurasí, wọ́n ń gba orúkọ rẹ̀, ìka rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, racial profiling ni kí ọlọ́pàá dá ènìyàn dúró torí àwọ̀ ara rẹ̀, láìrí ohun kan tó ṣe. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì nílé: kọ̀ǹpútà alágbèéká nínú báàgì, dàdà lórí, ó ti di "ọmọ Yahoo". Ẹ̀sùn yìí wà lára ohun tó gbé àwọn ọ̀dọ́ jáde ní oṣù kẹwàá 2020, títí wọ́n fi tú SARS ká ní ọjọ́ 11 oṣù náà.

Ẹ̀rọ pàápàá ń ṣe profiling. Áàpù tó ń yáni lówó á kó bí ẹ ṣe ń náwó àti bí ẹ ṣe ń san gbèsè pọ̀, á fi wọ́n ṣe profile yín, á sì dá ẹjọ́: "A kò lè yá yín." Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023, ní abala 37, sọ pé ẹ̀rọ nìkan kò gbọdọ̀ dá irú ìpinnu tó wúwo bẹ́ẹ̀ fún yín, àfi bí àdéhùn, òfin tàbí ìyọ̀ǹda yín bá ti gbà á láyè. Kódà tí àdéhùn tàbí ìyọ̀ǹda yín bá gbà á láyè, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ènìyàn tún ọ̀rọ̀ náà wò, láti sọ tẹnu yín, àti láti ta ko ìpinnu náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ímeèlì, kí ẹ dárúkọ abala náà, kí ẹ fi ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ fún yín síbẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú àwòrán ojú fóònù tó gbé èsì náà. Tí wọn ò bá dáhùn, Nigeria Data Protection Commission ní Àbújá ni kí ẹ gbé e lọ.